William Halsted: Oníṣẹ́ Abẹ tí Ó Fi Ara Rẹ̀ Dán Abẹ́rẹ́ Wò

ÌFÁÁRÀ

Nínú gbogbo ìrora tí ń bá ọmọ aráyé fínra, díẹ̀ ni ó le tó ti eyín. Ẹni tí orí ń fọ́ lè di gèlè mọ́ ọn. Ẹni tí inú ń run lè dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí eyín ń dùn kò lè jẹun, kò lè sùn, kò sì lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ire. Àwọn baba wa gbà pé kòkòrò ni ó wọ inú eyín tí ó ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ní oríṣiríṣi ewé àti èèpo igi tí wọ́n fi ń yọ ẹnu. Lónìí pàápàá, ẹni tí eyín rẹ̀ ti jẹrà lè máa yẹra fún dókítà eyín fún odidi ọdún kan. Kì í ṣe pé kò fẹ́ ìwòsàn. Ẹ̀rù ẹ̀mú àti abẹ́rẹ́ ni ó ń bà á.

Nítorí pé ìtọ́jú eyín ni mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ yìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ wa a máa bi mí léèrè pé báwo ni abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ṣe lè mú kí ìdajì àgbọ̀n ènìyàn kú tipiri nígbà tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Ta ni ó kọ́kọ́ dán irú rẹ̀ wò? Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó ti kan iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà láàárín wọn tí n kò lè gbàgbé ìtàn rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti kà á. Dókítà William Stewart Halsted ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Ohun tí ó fún aráyé pọ̀, iye tí ó sì san lórí rẹ̀ kò kéré. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

ÌBÍ ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1852 ni a bí Halsted ní ìlú New York. Ọmọ ọlọ́rọ̀ ni. Oníṣòwò aṣọ ni baba rẹ̀, ilé iṣẹ́ wọn a sì máa kó aṣọ wọlé láti òkè òkun. Ní ọdún 1870 ó wọ Yunifásítì Yale, ṣùgbọ́n eré ìdárayá ni ó gbájú mọ́ níbẹ̀. Òun ni balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ náà. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé a kò rí i nínú ìwé àkọsílẹ̀ pé ó yá ìwé kan ṣoṣo ní ilé ìkàwé Yale. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má fi èyí ṣe àwíjàre o! Nígbà tí ó di ọdún tí ó kẹ́yìn ni ó ra ìwé nípa ẹ̀yà ara ènìyàn, tí ó kà á, tí ọkàn rẹ̀ sì fà sí iṣẹ́ ìṣègùn.

Láti ìgbà náà ni ó ti di ẹlòmíràn. Ó jáde ní Yale ní ọdún 1874, ó sì gba oyè dókítà ní New York ní 1877. Ní 1878 ó kọjá sí Yúróòpù, nítorí pé ní ayé ìgbà náà àwọn ará Ọ́síríà àti Jámánì ni aṣíwájú nínú iṣẹ́ abẹ. Ọdún méjì ni ó lò níbẹ̀. Ó jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn ọ̀gá bíi Theodor Billroth ní Vienna, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì ń kọ́ èdè wọn.

AKIN NÍ NEW YORK

Nígbà tí ó padà dé ní 1880, kò sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní New York tí kò fẹ́ kí ó bá àwọn ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ ní bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, ó tún ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní alẹ́. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó tètè gba ẹ̀kọ́ Joseph Lister gbọ́, pé kòkòrò tí ojú kò rí ni ó ń ba ọgbẹ́ jẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ní ilé ìwòsàn Bellevue, àwọn dókítà àgbà kan kò ka ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí sí. Halsted kò bá wọn jà. Ó ní kí wọ́n pa àgọ́ kan fún òun nínú ọgbà ilé ìwòsàn náà, níbi tí òun ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ nínú ìmọ́tótó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun méjì tí yóò jẹ́ kí ẹ mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Ní ọdún 1881, arábìnrin rẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kù díẹ̀ kí ó kú. Halsted fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ó fà á sí ara arábìnrin rẹ̀, obìnrin náà sì yè. Ẹ rántí pé ní àkókò yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ pín sí oríṣiríṣi. Ọdún 1901 ni a tó mọ ìyẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì kò bá bára mu ni, ọ̀ràn náà ì bá di ọ̀fọ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ ni àìsàn òróòro dá dùbúlẹ̀. Ní nǹkan bí aago méjì òru, Halsted tẹ́ ìyá rẹ̀ sórí tábìlì ilé ìdáná, ó la òróòro náà, ó sì kó òkúta inú rẹ̀ jáde. Ìyá náà gbádùn. Ẹni tí ó lè ṣe báyìí sí ìyá tí ó bí i àti sí ara òun fúnra rẹ̀, kò lè ṣòro fún un láti gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́.

BÍ KOKÉÈNÌ ṢE DÉ

Kí ó tó di àkókò Halsted, àwọn dókítà eyín ni ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn lórí ọ̀ràn ìrora. Horace Wells, dókítà eyín kan ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, fa èéfín gáàsì kan símú ní 1844, a sì yọ eyín rẹ̀ kan láìjẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n lára. Ní 1846, William Morton, tí òun náà jẹ́ dókítà eyín, fi ether mú aláìsàn kan sùn lọ fọnfọn ní ìlú Boston, a sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ó léwu kí a mú odidi ènìyàn sùn nítorí eyín kan ṣoṣo. Nínú àwọn tí wọ́n mú sùn bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tí wọn kò jí mọ́. Ohun tí a ń wá ni oògùn tí yóò mú kí ojú ibi tí à ń tọ́jú nìkan kú, tí ìyókù ara yóò sì wà bí ó ti wà.

Ewé kan wà ní ilẹ̀ Peru tí wọ́n ń pè ní coca. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ń jẹ ẹ́ lẹ́nu láti ayébáyé kí ó má baà rẹ̀ wọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń jẹ obì. Ní nǹkan bí ọdún 1860, Albert Niemann, ará Jámánì, yọ kókó inú ewé náà jáde, ó sì sọ ọ́ ní kokéènì. Bí ènìyàn bá tọ́ ọ wò, ahọ́n rẹ̀ yóò kú. Ọ̀pọ̀ ni ó mọ èyí, ṣùgbọ́n wọn kò rí ohun tí a lè fi ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan ní Vienna, Carl Koller, ni ó rí i. Ó kán an sí ojú ọ̀pọ̀lọ́, lẹ́yìn náà sí ojú ẹran mìíràn, lẹ́yìn náà sí ojú ara rẹ̀, ó sì fi orí abẹ́rẹ́ kan ẹyinjú náà láìmọ ìrora kankan. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1884, a ka ìròyìn rẹ̀ fún àwọn dókítà ojú tí wọ́n pàdé ní Heidelberg. Ẹlòmíràn ni ó bá a kà á, nítorí pé Koller kò ní owó ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ibẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìròyìn náà ti la òkun kọjá dé New York.

ABẸ́RẸ́ SÍ Ẹ̀YÌN ÀGBỌ̀N

Níhìn-ín ni ọgbọ́n Halsted ti yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Kíkán ni àwọn yòókù ń kán kokéènì sí ojú ara, tàbí kí wọ́n fi í pa ibi tí wọ́n fẹ́ kí ó kú. Halsted wò ó pé ìrora ní ọ̀nà tí ó ń gbà dé ọpọlọ, iṣan ìmọ̀lára sì ni ọ̀nà náà. Bí a bá sé odò ní òkè, gbogbo ẹni tí ń pọn omi ní ìsàlẹ̀ ni agbè wọn yóò gbẹ. Bákan náà, bí a bá gún oògùn sí ẹ̀gbẹ́ iṣan ìmọ̀lára níbi tí ó ti ń bọ̀ láti òkè, gbogbo ibi tí iṣan náà ń jẹ́ iṣẹ́ fún ni yóò kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oògùn díẹ̀ ni a ó lò, ibi púpọ̀ ni yóò sì kú.

Òun àti àwọn dókítà ọ̀dọ́ tí ń bá a ṣiṣẹ́, pàápàá Richard Hall, bẹ̀rẹ̀ sí í dán èyí wò kí ọdún 1884 tó parí. Iṣan tí ń bọ́ eyín ìsàlẹ̀ gba ihò kékeré kan wọ inú egungun àgbọ̀n. Ihò náà wà ní ẹ̀yìn, ní apá inú, lókè ibi tí eyín tí ó kẹ́yìn wà. Halsted ki abẹ́rẹ́ gba inú ẹnu lọ sí tòsí ihò yìí. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo eyín ìsàlẹ̀ ní apá ibẹ̀ kú, ètè ìsàlẹ̀ ní apá náà sì kú pẹ̀lú. Ní ti Hall, òun fúnra rẹ̀ jókòó lórí àga dókítà eyín, a gún un ní abẹ́rẹ́ sí iṣan tí ó wà lábẹ́ ojú, a sì tọ́jú eyín rẹ̀ kan ní òkè. Hall ni ó kọ ìròyìn nípa àwọn nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní oṣù Kejìlá ọdún 1884.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Egungun àgbọ̀n òkè fẹ́lẹ́, ó sì ní ihò wẹ́wẹ́. Bí a bá gún oògùn sí èrìgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín, yóò rin wọlé dé gbòǹgbò eyín náà. Ṣùgbọ́n egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ nípọn, ó sì le. Bí ó bá jẹ́ eyín ńlá tí a fi ń lọ oúnjẹ ni, ní pàtàkì lẹ́nu àgbàlagbà, oògùn tí a gún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í sábà wọlé tó. Àfi kí a lọ pàdé iṣan náà kí ó tó wọ inú egungun. Ọ̀nà tí Halsted là yìí ni wọ́n ń kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú eyín títí di òní olónìí.

ẸNI A NÍ KÓ FẸ́ NI LÓJÚ

Àwọn àgbà sọ̀rọ̀ ẹni tí a ní kí ó fẹ́ ni lójú, tí ó fi ata sẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kokéènì. Halsted àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í kọ́kọ́ dán oògùn náà wò lára aláìsàn. Ara wọn ni wọ́n ń gún: lónìí apá, lọ́la ẹsẹ̀, lọ́tùn-únla àgbọ̀n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan náà sì fi ara wọn sílẹ̀. Ní àkókò náà, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé oògùn yìí máa ń di bárakú. Àwọn dókítà olókìkí mìíràn tilẹ̀ ń yìn ín pé ó ń fún ni lókun. Nígbà tí Halsted kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1885, ó ti lò ó nínú iṣẹ́ abẹ kéékèèké tí ó ju 1,000 lọ.

Ṣùgbọ́n ìwé tí ó kọ yìí gan-an ni ó tú u fó. Mo ti ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbólóhùn gígùn kan ni, ó lọ sí ìhín, ó lọ sí ọ̀hún, kò sì dé ibì kankan. Ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n lórí òróòro ìyá rẹ̀ kò lè to ọ̀rọ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí ó fi dẹ́kun lílọ sí iṣẹ́. Ní 1886 wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Butler ní ìlú Providence, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀. Oṣù púpọ̀ ni ó lò níbẹ̀. Ó jáde, ó tún padà lọ ní 1887. Ìtọ́jú tí wọ́n mọ̀ nígbà náà ni pé kí wọ́n fi mọfíìnì rọ́pò kokéènì. Ẹ kò ha rí i? Wọ́n tú u kúrò lórí òpó kan, wọ́n sì so ó mọ́ òmíràn.

Ó sàn fún òun ju fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Hall kúrò ní New York, ó lọ sí California, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1897. Nígbà tí Halsted di àgbà, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé Hall àti àwọn méjì mìíràn nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìdánwò náà kú láìbọ́ lọ́wọ́ oògùn yìí.

BALTIMORE

Ọ̀rẹ́ ni ó yọ Halsted nínú ọ̀fìn. William Welch, tí wọ́n ti mọra láti New York, mú un lọ sí ilé rẹ̀ ní Baltimore, níbi tí wọ́n ti ń dá Ilé Ìwòsàn Johns Hopkins sílẹ̀. Ó fún un ní ààyè nínú yàrá ìwádìí. Níbẹ̀ ni Halsted ti fi ìfun ajá kọ́ bí a ṣe ń rán ìfun tí kò fi ní jò. Nígbà tí ilé ìwòsàn náà ṣí ní 1889, wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe adelé ọ̀gá iṣẹ́ abẹ. Ní 1890 wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹni tí ó dé Baltimore yàtọ̀ sí ẹni tí ó wà ní New York. Ti New York yára bí iná ọyẹ́. Ti Baltimore rọra. Ó ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú ẹran ara, ó ń so iṣan ẹ̀jẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kò sì bìkítà bí iṣẹ́ abẹ bá gba wákàtí mẹ́rin. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn aláìsàn rẹ̀ sì ń yè. Ó wá ọ̀nà tuntun fún iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú àti fún ti ìpá. Òun náà ni ó dá ètò sílẹ̀ pé kí àwọn dókítà ọ̀dọ́ máa gbé inú ilé ìwòsàn fún ọdún púpọ̀, kí wọ́n máa kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi lè dá dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ni Harvey Cushing, àgbà nínú iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti kọ́ṣẹ́.

Ìtàn ìbọ̀wọ́ náà dùn. Nọ́ọ̀sì kan wà tí ń bá a ṣiṣẹ́, Caroline Hampton ni orúkọ rẹ̀. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọwọ́ ń bó o ní awọ. Halsted kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ Goodyear kí wọ́n ṣe ìbọ̀wọ́ rọ́bà fẹ́lẹ́ fún un. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1890 ó fi obìnrin náà ṣe aya. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn dókítà yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀wọ́ náà, wọ́n sì rí i pé ọgbẹ́ kì í kẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìfẹ́ ni ó bí ìbọ̀wọ́ tí gbogbo dókítà ayé ń wọ̀ lónìí.

Síbẹ̀, àjèjì ni ó jẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Paris ni ó ń fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́ sí kí wọ́n lè bá a fọ̀ ọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè lọ fún oṣù púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ ibi tí ó wà.

ÀWỌN TÍ Ó TÚN ỌNÀ NÁÀ ṢE

Halsted ti fi ibi tí a ó gún hàn, ṣùgbọ́n oògùn fúnra rẹ̀ kò dára. Kokéènì ń di bárakú, ó sì ń pa ènìyàn bí ó bá pọ̀. Àwọn mìíràn ni ó parí iṣẹ́ náà. Heinrich Braun, oníṣẹ́ abẹ ní Jámánì, po adrenaline díẹ̀ mọ́ oògùn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Adrenaline a máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, nípa bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kò ní tètè gbé oògùn náà lọ. Yóò pẹ́ níbi tí a gún un sí, májèlé rẹ̀ kò sì ní tètè dé ọkàn. Alfred Einhorn, ará Jámánì bákan náà, ṣe procaine, tí wọ́n ń tà ní orúkọ Novocain láti 1905, èyí tí kì í di bárakú bíi kokéènì. Ní 1943, Nils Löfgren ní ilẹ̀ Sweden ṣe lidocaine, ó sì dé ọjà ní 1948. Òun ni àwọn dókítà eyín ń lò jù ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé lónìí.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọ̀nà gígún pàápàá ń dára sí i. Wọ́n kọ́ wa pé kí a kọ́kọ́ fi oògùn pa èrìgì kí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Kí a fa abẹ́rẹ́ padà díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Kí a sì rọra tì í fún bí ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìkánjú ni ó ń fa púpọ̀ nínú ìrora abẹ́rẹ́. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Níbi tí eyín bá ti wú, tí ó ti kún fún ọyún, ara ibẹ̀ ti kan, oògùn kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ara tí ó kan. Ẹni tí ó fi ẹ̀rù ìrora yẹra fún dókítà títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ìrora náà wá.

IKÚ RẸ̀ ÀTI ÀṢÍRÍ RẸ̀

Ní ọdún 1922, ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi àmì ẹ̀yẹ wúrà dá Halsted lọ́lá nítorí abẹ́rẹ́ tí ó ti ṣe ní ọdún 38 sẹ́yìn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni òkúta òróòro, irú èyí tí ó yọ fún ìyá rẹ̀, tún dà á láàmú. Àwọn tí ó kọ́ níṣẹ́ ni ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n kò là á já. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ó ku ọjọ́ 16 kí ó pé ẹni 70 ọdún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti bọ́ pátápátá lọ́wọ́ oògùn láti ìgbà tí ó ti dé Baltimore. Ṣùgbọ́n William Osler, ọ̀kan nínú àwọn dókítà ńlá tí wọ́n jọ dá Johns Hopkins sílẹ̀, ti kọ ìwé àṣírí kan sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dì í pa fún ọdún púpọ̀. Ní 1969 ni wọ́n ṣí i. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé Halsted ṣì ń lo mọfíìnì lẹ́yìn tí ó ti di ọ̀gá, nígbà tí àwọn ènìyàn rò pé ó ti gbàgbé rẹ̀.

ÌKÁDÌÍ

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń jiyàn pé kò yẹ kí a máa yin irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí oògùn líle mú lẹ́rú kò yẹ ní àwòkọ́ṣe fún ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣòfò, nítorí pé a ti rí ọ̀dọ́ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bà jẹ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n ní tèmi, kì í ṣe ìgbádùn ni ó sún Halsted dé ibẹ̀. Ó ń wá bí ẹlòmíràn kò ṣe ní jẹ̀rora, ó sì kọ̀ láti fi ara aláìsàn ṣe ohun tí kò tíì fi ara rẹ̀ ṣe. Ibi tí mo ti rò pé ó kù díẹ̀ káàtó ni ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń gún ara rẹ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó na apá rẹ̀, ó ṣòro fún un láti sọ pé rárá. Lónìí òfin ti wà lórí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, kí a má sì jẹ́ kí àwọn òfin náà sú wa. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ ń ṣe ìwádìí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ohun kejì tí mo rí kọ́ ni ti Welch. Bí kì í bá ṣe pé ó ní ọ̀rẹ́ kan tí ó ṣí ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ikú Hall ni Halsted ì bá kú, ìbọ̀wọ́ ì bá má tíì dé ọwọ́ dókítà nígbà tí ó dé é, Cushing ì bá sì ti kọ́ṣẹ́ níbòmíràn. Ẹni tí ó ṣubú láàárín wa, ẹ jẹ́ kí a máa fa ọwọ́ rẹ̀ sókè kí a tó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Èyí tí ó kẹ́yìn rọrùn. Ẹ̀yin tí eyín ń dùn, tí ẹ ń fi iyọ̀ àti omi gbígbóná tàn án jẹ, ẹ tètè lọ rí dókítà eyín. Àwọn ènìyàn kan ti jẹ ìrora náà tẹ́lẹ̀ nítorí yín.